Láti Gáréèjì Ìkòròdú dé Mòníyà: ọjọ́ méjì fún ẹni tí ọkọ̀ ojú irin ń wù

Ìkòròdú kò ní ojú irin. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà dé Gáréèjì Ìkòròdú láàárọ̀ Sátidé kó máa wo ọ̀tún wo òsì. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, ti Ṣágámù wà, ti Ìjẹ̀bú-Òde wà, dáńfó tó ń pe Máìlì 12 àti Kétu kò sì níye. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú irin ń wù ní láti kọ́kọ́ fi mọ́tò jáde nílùú kó tó rí ohun tó ń wá.

Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Lára àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ óò rí ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Lókò l'Ébúté Mẹ́ta, ẹni tó bá ọkọ̀ ojú irin dé Jẹ́bbà tàbí Kánò nígbà èwe rẹ̀, àti ìyá tó fi rélùwéè kó gààrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ Èkó. Wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò pé ọkọ̀ ojú irin tuntun ti dé, wọn ò sì tíì fojú rí i. Àwọn la kọ èyí fún: bí èèyàn ṣe lè gbéra ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé, kó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, kó wọ ọkọ̀ ojú irin, kó sùn n'Íbàdàn, kó sì padà sílé lọ́jọ́ Àìkú.

Kí ló dé tí ojú irin fi fo Ìkòròdú? Kì í ṣe pé ìlú náà kò já mọ́ nǹkan. Kí òyìnbó tó de irin àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ ni Ìkòròdú ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ẹrù ilẹ̀ Rẹ́mọ àti ti òkè ń gbà dé etí ọ̀sà, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí náà wà nínú ogun ọdún 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, tí Gómìnà Glover sì kó ọmọ ogun láti Èkó wá lé wọn. Nígbà tí ìjọba Èkó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin ní 1896, Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà lọ sí Ìbàdàn, wọn ò gba Rẹ́mọ. Wọ́n ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bbà ní 1909. Ìkòròdú jókòó sétí omi pẹ̀lú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Àmọ́ Ìkòròdú gbẹ̀san díẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, àwọn onílọ́rì ń kó ẹrù gba Ṣágámù wá sí Ìkòròdú, owó tí wọ́n ń gbà kò tó ti rélùwéè, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e sọdá. Inú ìjọba òyìnbó kò dùn sí i rárá, nítorí àwọn ló ni rélùwéè. A óò tún pàdé àwọn onílọ́rì yìí ní Mòníyà.

Ẹ jẹ́ ká gbéra. Láti Gáréèjì, BRT ló dára jù. Ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un láti Máìlì 12 wọ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2008. Ó di oṣù kọkànlá ọdún 2015 kó tó dé Ìkòròdú. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó. Ẹ rà á, kẹ́ ẹ sì fi owó sí i kí Sátidé tó dé, torí káàdì kan náà lẹ óò lò bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ tètè jáde o. Ẹni tó bá mọ Máìlì 12 láàárọ̀ kò nílò àlàyé lọ́wọ́ wa.

Ẹ sọ̀ ní Fádéyí. Ibẹ̀ ni ìrìn ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ gba Jìbówú, ẹ wọ Yábàá, ẹ tẹ̀lé ọ̀nà Herbert Macaulay títí dé Alágómejì. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣì le kò ní lò ju wákàtí kan lọ. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún lè wọ dáńfó, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

Alágómejì ni ilé ńlá tuntun tí wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson sọ wà, ẹni tó jẹ́ gómìnà àkọ́kọ́ fún ìpínlẹ̀ Èkó láti 1967 sí 1975. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń gbéra. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ṣí ọ̀nà tuntun yìí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021. Ní ọdún náà, ₦2,500 ni ìjókòó tó kéré jù lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, ₦5,000 ni ti àwọn oníṣòwò, ₦6,000 sì ni ti ọlọ́lá. Owó ti gbẹ́nu sókè láti ìgbà náà, àkókò tí ọkọ̀ ń gbéra náà sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò bá yín wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́. Ohun tó dára jù ni kẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ọ̀sán sílẹ̀, kí àárọ̀ lè ṣẹ́ kù fún ìrìn.

Nínú ọgbà rélùwéè Ébúté Mẹ́ta, tí kò jìnnà síbẹ̀, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, kí ojú irin tó dé Ìbàdàn rárá. Ilé alájà ni, irú èyí tí àwọn ọ̀gá òyìnbó ń gbé. Francis Jaekel tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ ọ̀gá ní rélùwéè Nàìjíríà. Nígbà tó yá ló jókòó kọ ìtàn rélùwéè náà sínú ìwé alápá mẹ́ta. Ilé náà ti bà jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 nítorí àwọn ilé àtijọ́, tó gbà á tún ṣe. Ní 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Ẹ óò rí àwòrán àtijọ́ níbẹ̀ àti àwọn ohun èlò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò nígbà tí èédú ṣì ni oúnjẹ ọkọ̀. Ọgbà iléeṣẹ́ ni o, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń já wọ̀: ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu géètì, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá, kẹ́ ẹ tó yọ ẹ̀rọ àwòrán jáde. Ẹni tó bá lè mú bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè dání, kó mú un dání. Gbogbo ohun tó wà lára ògiri yẹn, àwọn bàbá yìí ló mọ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe, wọn ò sì pọ̀ mọ́.

Ọgbà kan náà ni iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe wà, ibi tí wọ́n ń pè ní Lókò. Ẹni tó bá dàgbà kò ní gbọ́ Lókò kó má rántí Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní 1945, nígbà tí ogun Hitler ti jẹ́ kí ọjà gbówó lórí, tí owó oṣù sì dúró sójú kan, òun wà lára àwọn tó ṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó bo gbogbo Nàìjíríà, tó sì ju oṣù kan lọ. Ó kú ní 2005, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìṣèlú òmìnira tí à ń pariwo lónìí, ara rẹ̀ ti inú èéfín Lókò jáde. Èyí tó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà kọjá lójoojúmọ́ kò mọ orúkọ rẹ̀.

Tí ara bá ṣì le, ẹ gba Oyíǹgbò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìddó. Ojú irin àtijọ́ parí síbẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Ìbàdàn tuntun kò dé ibẹ̀, Alágómejì ni tirẹ̀ ń dúró sí. Láti Ìddó, afárá Carter ló kọjú sí yín yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti gba orí afárá Carter àtijọ́ wọ inú Èkó rí. Tìráàmù ni wọ́n ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1902, wọ́n sì pa á tì pátápátá ní 1933. Títí di 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Marina sí Máìlì 2 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Erékùṣù Èkó kò tún ní ọkọ̀ ojú irin kankan. Àádọ́rùn-ún ọdún ló gbà.

Àtipadà sí Alágómejì, ẹsẹ̀ tún lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá bá yín mu, ẹ lo káàdì Cowry yẹn l'Óyíǹgbò, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line dé Yábàá. Oyíǹgbò sí Àgbádó ni ọ̀nà rẹ̀, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ mẹ́jọ. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2024, àmọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó wọ̀ ọ́. Ní 2022, ìjọba Èkó ra ọkọ̀ ojú irin méjì fún iṣẹ́ yìí láti Amẹ́ríkà, ìtàn wọn sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló ní kí iléeṣẹ́ Talgo ṣe wọ́n. Ìbò dé, gómìnà tuntun wọlé, ó ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ ojú irin náà, ó sì kọ owó tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe tán wá wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìgbé èrò kan, títí Èkó fi lọ rà á. Ẹni tó bá rò pé Nàìjíríà nìkan ni gómìnà tuntun ti ń pa iṣẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tì, kó gbọ́ ti Wisconsin.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹnikẹ́ni má ṣe rìn lórí irin nítorí pé ó fẹ́ ya àwòrán. Láyé àtijọ́, èèyàn lè jókòó sórí irin l'Óṣòdì kó máa tajà, kó gbọ́ ariwo ọkọ̀ lókèèrè kó tó palẹ̀ mọ́. Ti ìsinsìnyí kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀, ó sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní PWD, lẹ́bàá Ìkẹjà. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́fà ló kú. Wọ́n ti ṣe afárá sórí irin láwọn ibi bíi Mushin, Yábàá àti Oyíǹgbò. Afárá yẹn ni kẹ́ ẹ gbà.

Ọkọ̀ ọ̀sán gbéra. Kìlómítà 157 ni ọ̀nà náà, ó sì ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó mọ ti àtijọ́ máa ṣàkíyèsí ni pé ọkọ̀ kò gbọ̀n. Irin àtijọ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ péré, torí pé òyìnbó ń ṣọ́ owó ná. Tóóró rọrùn láti là kọjá nínú òkè àti ẹrẹ̀. Tuntun tí àwọn ará Ṣáínà ṣe fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè sáré láìmì, ìdí náà sì nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kankan kò fi lè gun orí irin tuntun. Ohùn fakafíkì tí à ń sọ fún àwọn ọmọ wa kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ á kọjá l'Ágége. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ Agége sí búrẹ́dì, àmọ́ oko ni ibẹ̀ nígbà tí ojú irin dé. Ibẹ̀ ni J.K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbin kòkó, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1907. Nígbà tó yá, obì Agége ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò, àwọn Háúsá sì ń bá ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ wá ra á. Ojú irin ló sọ Agége di ohun tó dà.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa ní ìgbèríko gbọ́. Ẹ wojú fèrèsé lẹ́yìn Àgbádó. Ẹ óò rí ẹ̀gẹ́, ẹ óò rí ọ̀pẹ, ẹ óò rí abúlé tí òrùlé páànù rẹ̀ ti pọ́n. Ọ̀nà àtijọ́ ní téṣàn ní Ifọ̀, ní Wasinmi, ní Lafẹ́ńwá, ní Arò, ní Òpéjì, ní Olókemejì, ní Ọmí-Àdìó, àti àwọn mìíràn láàárín wọn. Láti Ifọ̀, ẹ̀ka kan tún yà lọ sí Ìlaró àti Ìdógò. Ọkọ̀ kò yára, lóòótọ́, ó sì máa ń pẹ́ dé, àmọ́ ó ń dúró. Bó bá ti dúró, àwọn obìnrin á sáré yọ sí fèrèsé pẹ̀lú ẹ̀kọ, ọsàn, àgbàdo sísè àti ẹran ìgbẹ́. Àgbẹ̀ tó ní àpò gààrí mẹ́ta péré, tí kò lè háyà mọ́tò, á gbé e sí ibi ẹrù, ìyàwó rẹ̀ á sì bá a dé Oyíǹgbò. Abúlé kan lè wà láàyè nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkọ̀ fi dúró síbẹ̀.

Téṣàn ọ̀nà tuntun, láti Àpápá dé Mòníyà, kò ju mẹ́wàá lọ. Èyí tí wọ́n kọ́ fún Abẹ́òkúta wà ní Láderin, wọ́n fi orúkọ Wole Soyinka sọ ọ́. Ti àtijọ́ wà ní Lafẹ́ńwá, nínú ariwo ọjà. Fèrèsé ọkọ̀ tuntun kì í ṣí, ẹ̀rọ amúlétutù ló wà nínú rẹ̀. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa na ọwọ́ ẹ̀kọ síni. Irin ṣì ń gba ilẹ̀ àwọn ará oko kọjá, ọkọ̀ ni kò dúró dè wọ́n.

A ò sọ pé kí wọ́n dá ti tuntun dúró o. Ẹni tó ti lo wákàtí mẹ́fà nínú gọ́síló l'ójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a rò pé kò sí ohun tó burú nínú kí ọkọ̀ kan ṣoṣo lóòjọ́ máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó ní kóòṣì ẹrù kan, kó sì máa dúró láwọn téṣàn kékeré. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé kọ̀ntéńà láti Àpápá bọ̀ lórí irin yìí kan náà. Tó bá lè gbé ẹrù àwọn tó ń kó ọjà ìlú òyìnbó wọlé, yóò lè gbé ẹ̀gẹ́.

Mòníyà ni ọkọ̀ ń dúró sí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ó sì jìnnà sí àárín Ìbàdàn. Orúkọ Obafemi Awolowo ni wọ́n fi sọ téṣàn náà. Ẹ rántí àwọn onílọ́rì Ìkòròdú? Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti ní mọ́tò akẹ́rù rí kó tó di agbẹjọ́rò. Ní àwọn ọdún 1930 wọ̀nyẹn, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Nàìjíríà, ó sì wà lára àwọn tó bá ìjọba òyìnbó jà lórí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onílọ́rì. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ ni, ilẹ̀ tí ojú irin fò náà. Bí àwọn ọ̀gá rélùwéè ìgbà yẹn bá jí lónìí tí wọ́n rí orúkọ tó wà lára téṣàn tó tóbi jù n'Íbàdàn, ẹ̀rín á pa wọ́n.

Ẹ wọ mọ́tò láti Mòníyà wọ ìgboro, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ní ilé àlejò. Bílẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ lọ sí téṣàn àtijọ́ ní Dùgbẹ̀. Àárọ̀ Àìkú ló dára jù fún un, torí Dùgbẹ̀ a máa dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn èèyàn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Nítorí téṣàn yìí ni àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó fi wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rù wọn sí apá ibẹ̀, tí ìṣòwò fi ń kúrò ní ẹ̀bá ààfin àti Ọjà'ba díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbójú sókè, ẹ óò rí Ilé Kòkó, àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965 pẹ̀lú owó kòkó. Púpọ̀ nínú kòkó yẹn, ojú irin ló gbé e lọ sí etíkun. Láti téṣàn dé ẹsẹ̀ Ilé Kòkó kò tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Ní tiwa, kò sí ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá tí èèyàn ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn bí irin, kòkó àti ilé gíga ṣe bí ara wọn.

Ẹ má ṣe pẹ́ jù níbẹ̀. Mòníyà jìnnà, ọkọ̀ ojú irin tuntun kì í sì í dúró de ẹni tó gbàgbé pé kì í ṣe ti àtijọ́. Ẹni tó bá gba ọkọ̀ àárọ̀ padà lè lọ sí etí omi ní CMS, kó béèrè bóyá ọkọ̀ ojú omi Ìpakòdó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó sì gba orí ọ̀sà wọ Ìkòròdú bí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń ṣe. Ó ní láti jẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, torí òfin kò gbà kí wọ́n kó èrò lórí omi lálẹ́. Ẹni tó bá gba ọkọ̀ ọ̀sán, ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó dé Alágómejì. Kó má fẹsẹ̀ rìn mọ́, kó wọ mọ́tò dé Fádéyí, kó sì tò sórí ìlà BRT Ìkòròdú.